Àwọn Tó Gbé Omi Wá Sílé Olómi

Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin ará ilé: ta ló máa ń sanwó ọkọ̀ kí wọ́n tó fi ilé ìyá rẹ̀ hàn án? Josiane ni. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé ní Àjàṣẹ́, tí àwọn ọmọ náà ń pè ní Tántì Ẹ̀wà, òun ló lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì ìgbafẹ́ láàárín àwọn ará Kútọnu àti àwọn tó ti Faransé wá lo kọ̀njé, ìyẹn ìsinmi wọn. Ó gbé báàgì lé itan, ó ń wo ìta bí ẹni tí kò mọ ibì kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ wò ní Issaba, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n bí ìyá tó bí i sí. Kò sọ fún ẹnì kan nínú ọkọ̀. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́ o, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe jẹ́.

Màmá Marthe ni wọ́n ń pe ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Inú ìjọ aláṣọ funfun ló ti lo ayé rẹ̀, ìjọ tí wọn kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ ìsìn wọn. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ mìíràn tó ń jẹ́, àní Josiane alára kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí àìsàn dá ìyá náà dùbúlẹ̀, tó sì ti mọ̀ pé òun kò ní dìde mọ́, ló pe ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ẹní. Ó ní, “Marthe kọ́ ni bàbá mi sọ mí. Fáwùmí ni wọ́n sọ mí. Issaba ni ilé wa, lọ́nà Pobè.” Josiane kọ́kọ́ rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀.

Ibà kọ́. Ìyá náà rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó wà lómidan, wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní Àjàṣẹ́ kó lọ kọ́ òwò aṣọ. Ibẹ̀ ló ti wọ ìjọ. Ọjọ́ tó padà wá kí ilé, aṣọ funfun ló wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn, inú rẹ̀ sì ń dùn. Bàbá rẹ̀ rí i, ó yọ̀ mọ́ ọn, ó bu omi sínú igbá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá wọlé tí kò tíì mu omi, a kì í bi í pé kí ló gbé e wá. Omi yẹn ni ẹ káàbọ̀, òun náà ni a kò bá ara wa jà. Bàbá ta díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ àwọn àgbà ilé tó ti kọjá lọ, ó tọ́ ọ wò, ó na ìyókù sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní òun kò mu. Ó ní omi tí wọ́n ti bù fún òkú, òun ti kúrò nídìí ẹ̀.

Kì í ṣe pé ìjọ ló rán an níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ ìjọ. Iná ìgbàgbọ́ tuntun ló ń jó o. Ṣé ẹ mọ bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan kan tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀. Bàbá wò ó títí, ó da omi náà sílẹ̀. Ó ní, “Ẹni tí kò mu omi mi, òùngbẹ ilé mi kò gbẹ ẹ́.” Ó yíjú padà, ó gbé igbá òfìfo wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Fáwùmí fi ẹsẹ̀ rìn dé Pobè. Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń ti Pobè lọ sí Àjàṣẹ́, ó wọ̀ ọ́, ó sunkún títí ọkọ̀ fi dúró ní Sakété. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà irin rí ojú rẹ̀ ní fèrèsé, kò bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó kàn na ife omi sí i. Ó gbà á, ó mu ún tán pátápátá. “Josiane,” ni ìyá náà wí lórí ẹní àìsàn, “mo mu omi ẹni tí n kò mọ̀ rí, mo kọ ti bàbá mi. Omi tí mo kọ̀ yẹn ṣì ń gbẹ mí lọ́fun títí di òní.”

Kí ló dé tí kò padà? Ẹ bi ìgbéraga. Ọdún àkọ́kọ́, ó ní kí bàbá òun ránṣẹ́ sí òun. Bàbá náà ní kí ọmọ òun wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìgbéraga yóò fi tán lára Fáwùmí, ìtìjú ti jókòó sípò rẹ̀. Ó gbọ́ pé bàbá kú, kò lè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ń gorí ọjọ́, títí tí òun náà fi sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan Josiane nìyí. Ní tiwa, obìnrin kì í di ti ilé ọkọ tán. Bó bá kú, ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé tí wọ́n ti bí i, kó fi ẹnu ara rẹ̀ túfọ̀, kí àwọn ẹbí ìyá tó lè sunkún òkú wọn. Josiane mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó ní bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbé òkú ọmọ wọn lọ ńkọ́? Bí wọ́n bá dojú ìjà kọ ìjọ lórí ọ̀rọ̀ ìsìnkú ńkọ́? Ó pa ẹnu mọ́. Wọ́n fi orin àti àbẹ́là sin Màmá Marthe, ó dára, ó lẹ́wà, ilé Issaba kò sì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ọmọ náà. Láti ìgbà náà lọ, ọkàn Josiane kò balẹ̀. Bó bá ń gbàdúrà fún ìyá rẹ̀, á dà bí ẹni pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta ni.

Ọdún mẹ́ta kọjá báyìí. Nígbà tí iléèwé wọ ìsinmi ńlá, ọmọ rẹ̀ Hortense ní, “Màmá, láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò rí i kí ẹ lo kọ̀njé rí. Ẹ lọ síbì kan kí ẹ sinmi.” Josiane ní òun á lọ sí Pobè. Hortense ní, “Pobè? Kí ló wà ní Pobè?” Ìyá rẹ̀ ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Irọ́ kékeré nìyẹn, Ọlọ́run á dárí jì í.

Ọ̀dọ̀ Huguette, ará ìjọ rẹ̀ kan tó ń rán aṣọ ní Pobè, ló dé sí. Huguette ló sọ fún un nípa bọ́ọ̀sì Gracia. Ọmọ Sakété ni Gracia, ó ti kàwé ìrìn-àjò àti àlejò ní Kútọnu, kò rí iṣẹ́ tó wù ú, ló bá padà wálé, ó gba bọ́ọ̀sì kékeré kan pẹ̀lú awakọ̀ tó ń jẹ́ Pacôme, ó ń kó àwọn tó wà ní ìsinmi lọ wo àwọn ibi àtijọ́. Àárọ̀ ni wọ́n ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dé. “Ọjọ́ kan Sakété, ọjọ́ kejì Issaba,” ni Huguette wí. “Ilé àgbà kan wà ní Issaba tí àwọn èèyàn sá pamọ́ sí nígbà iṣẹ́ ipá àwọn òyìnbó. Fádèyí ni wọ́n ń pe bàbá tó ni ín.” Josiane gbé ife tíì tó ń mu sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti dárúkọ Fádèyí fún un. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni, èyí tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn nígbà èwe.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó rò lọ́kàn ara rẹ̀. Ó ní, “Bí mo bá nìkan lọ, wọ́n á bi mí pé ta ni mí. Bí mo bá wà láàárín ọ̀pọ̀ àlejò, mo lè wo ilé náà, kí n wo ojú bàbá náà, bí ojú rẹ̀ bá le, n óò wọ ọkọ̀ mi padà.” Ọgbọ́n àgbà nìyẹn? Ọgbọ́n ojo ni. Ṣùgbọ́n ojo tó jáde nílé sàn ju ojo tó jókòó lọ, èmi gbà fún un.

Ọjọ́ kìíní, wọ́n lọ sí Sakété. Pacôme ń bá bọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni ń bẹ ìyàwó: “Rọra, ọmọ mi, kòtò nìyẹn, mo rí i, mo rí i.” Ilẹ̀ pupa, ọgbà ọ̀pẹ lọ́tùn-ún lósì, àwọn zémìjàn, ọlọ́kadà ibẹ̀, ń sáré kọjá pẹ̀lú ẹrù ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn. Ọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ tó ń jẹ́ Arnaud, ọmọ Kútọnu tó ti pẹ́ ní Faransé, òun àti ìyàwó rẹ̀ Sabine. Kò sí nǹkan tí Arnaud kò ya ní fọ́tò. Wọ́n wọ ààfin, wọ́n kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, Gracia rọra ń ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ dùn, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́, koríko ti bo ibẹ̀, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ òjìji ògiri. Fọ́tò ewúrẹ́ tí Arnaud yà pọ̀ ju ti ògiri lọ.

Josiane fa aṣọ Gracia díẹ̀. “Ọmọ mi, níbo ni àwọn ọlọ́sàn máa ń dúró sí?”

Gracia wò ó. Wọ́n ti bi í léèrè ọdún tí wọ́n la ọ̀nà irin náà, wọ́n ti bi í léèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, kò sí ẹni tó bi í léèrè ọlọ́sàn rí. “Tántì, n kò mọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká bi bàbá yẹn.” Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà nawọ́ sí abẹ́ igi kan. Ó ní ibẹ̀ ni ìyá òun alára ti máa ń tà á.

Josiane lọ dúró lábẹ́ igi náà. Kò sí ọsàn níbẹ̀ mọ́, ẹni tó ń ta káàdì fóònù ló jókòó síbẹ̀. Ó dúró, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tó fún ọmọbìnrin tó ń sunkún ní omi láìbéèrè ohunkóhun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ètè rẹ̀ sì ń mì. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Ẹni tó ń ta káàdì bi í bóyá ó fẹ́ ra káàdì, ó ní rárá, ó ní kí Ọlọ́run bùkún un, ọkùnrin náà ní àmín láì mọ ohun tó ń ṣe àmín sí.

Nígbà tó dé ilé lọ́jọ́ náà, kò lè jẹun. Huguette wo àwo rẹ̀, ó ní, “Àbí ẹ fẹ́ lọ ṣe ìdánwò lọ́la ni?” Josiane rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí gbogbo wọn ṣe wọ bọ́ọ̀sì tán, Gracia pín omi inú ìgò fún wọn, ẹnì kan ìgò kan. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun, omi yìí nìkan ni kí ẹ mu lónìí. Lọ́jọ́sí, àlejò mi kan mu omi kànga níbì kan, inú rẹ̀ ń run ún títí dé Kútọnu, èmi ni wọ́n fi sùn kiri.” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe ọmọ náà nìyẹn, ibi tó dára ló sì ti wá. Ó ronú nípa inú àwọn àlejò, ó gbàgbé inú àwọn onílé.

Ìgbà tí ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀dà, Josiane sún mọ́ fèrèsé. Oko àgbàdo ló wà lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ ló wà lósì, àwọn obìnrin ru igi ìdáná, wọ́n ń juwọ́ sí bọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá, wọ́n rí ilé náà. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, òpó igi gbígbẹ́ ló di iwájú rẹ̀ mú, ilẹ̀ iwájú ilé mọ́ féfé. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ dìde kí wọn, Arlette ni, ìyàwó ọmọ Fádèyí. Ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀, bàbá ń bọ̀.

Bàbá jáde. Arúgbó ni, irun rẹ̀ funfun lábẹ́ fìlà, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé igbá omi, kò jẹ́ kí Arlette ràn án lọ́wọ́. Josiane wo ojú rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀: iwájú orí kan náà, àgbọ̀n kan náà, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń di ètè mú nígbà tó bá ń ṣe nǹkan tó ṣe pàtàkì. Háà, ẹ̀jẹ̀! Ó fẹ́ẹ̀ ké. Ó ki ọwọ́ bọ ẹnu.

Fádèyí ta omi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó pe àwọn àgbà ilé lórúkọ ní ohùn jẹ́jẹ́, ó tọ́ omi náà wò, ó wá na igbá sí Arnaud tó dúró níwájú. Arnaud rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ìgò omi rẹ̀ sókè. Ó ní, “Mẹsí, Bàbá! A ti ní tiwa!” Ó ṣí i, ó mu. Sabine náà gbé tirẹ̀ sókè, ó mu. Gbogbo wọn rò pé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbí nìyẹn, ni wọ́n bá gbé ìgò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí bàbá, wọ́n ń mu omi tí wọ́n rù wá láti Pobè. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ọ̀ràn! Gracia gbé ọwọ́ lé orí.

Fádèyí wo ìgò, ó wo igbá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Gracia, kí ni mo fi àwọn èèyàn yìí ṣe?”

“Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni, èmi ló ní kí wọ́n…”

“Wọ́n gbé omi wá sílé olómi. Wọ́n sì mu ún lójú mi. Ṣé mo bá wọn jà ni? Ṣé mo lóró lọ́wọ́ ni?” Kò pariwo. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ti rẹ̀. “Kí wọ́n máa wo ògiri láti ìta. Ilẹ̀kùn kò ní ṣí lónìí.”

Ó yíjú padà pẹ̀lú igbá rẹ̀, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Arnaud ń bi Gracia pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀, ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Josiane wo ẹ̀yìn bàbá náà. Òun náà di ìgò rẹ̀ mú. Bí òun bá dákẹ́, ilẹ̀kùn á tì, bọ́ọ̀sì á lọ, òun á padà sí Àjàṣẹ́ láti lọ se ẹ̀wà, ìyá òun á sì wà níta títí láé. Èyí ló rò. Ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú ẹsẹ̀.

“Bàbá, ẹ dúró! Ó ku èmi.”

Ó gbé ìgò sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà, bó ṣe máa ń bọ́ ọ kó tó wọ ilé Ọlọ́run. Ó rìn kọjá láàárín gbogbo wọn, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. “Òùngbẹ ń gbẹ mí, Bàbá.”

Fádèyí dúró. Ó wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó fi igbá náà lé e lọ́wọ́. Josiane di ojú, ó bẹ Jésù kó bùkún omi náà, kó bùkún ọwọ́ tó bù ú, ó sì gbé e sẹ́nu. Ó tutù. Ó mu ún láìsinmi títí ó fi rí ìsàlẹ̀ igbá. Omi ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀, ó ṣàn sí aṣọ rẹ̀, kò nù ún.

“Ta ni ọ́?” ni bàbá wí.

Ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn kò sí tí ilé yìí mọ̀. “Fáwùmí ló bí mi.”

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Arlette. Fádèyí gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Níbo ni Fáwùmí wà? Fi ẹnu rẹ sọ ọ́.”

Josiane dọ̀bálẹ̀, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó fi àyà kanlẹ̀ bí ọkùnrin, kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe mọ́. “Bàbá, mo wá túfọ̀ ni. Mo pẹ́. Ìyá mi ti sùn, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Mo sin ín láìsọ fún yín. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Omi bàbá wọn tí wọ́n kọ̀, wọ́n kábàámọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ẹ forí jì wọ́n, ẹ forí jì mí.”

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Pacôme alára ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

“Dìde,” ni Fádèyí wí. “Ta ló gbé ọ wá síbí?”

“Bọ́ọ̀sì yìí ni, Bàbá.”

“O sanwó ọkọ̀?”

“Mo sanwó.”

“O sanwó kí wọ́n tó fi ilé ìyá rẹ hàn ọ́?” Ó yíjú sí Gracia. “Ìwọ ọmọ yìí, o gba owó lọ́wọ́ ọmọ wa kí o tó mú un wálé! Háà! Ayé ti yí o!” Pacôme ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kò lè mú un mọ́ra, ó fi fìlà bo ẹnu. Arlette náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Gracia ní òun á dá a padà, òun á dá gbogbo rẹ̀ padà, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún.

Fádèyí fi ọwọ́ ti ògiri, ó rọra jókòó sórí ìloro. Ó ní kí Josiane jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi nígbà tó di ọwọ́ Josiane mú.

“A ti gbọ́,” ló wí. “Ọjọ́ ọjà Pobè kan ni alájàpá kan wá sọ fún wa pé Fáwùmí kú ní Àjàṣẹ́. Àwọn obìnrin ilé fẹ́ ké, mo ní kí wọ́n gbé e mì. A kì í ti ẹnu alájàpá sunkún ọmọ ẹni. Mo ní ó lọ́mọ, ọmọ rẹ̀ á wá. Láti ìgbà yẹn, ẹkún ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́rùn mi níbí.” Ó fi ìka kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

“Ẹ ò bínú sí wọn?” ni Josiane bi í.

“Bàbá wa bínú. Ó bínú títí ó fi darúgbó. Nígbà tí ikú dé, ó pè mí, ó ní, ‘Fádèyí, bí Fáwùmí bá dé, má bi í ní nǹkan kan. Bu omi fún un. Bí òun kò bá wá, tí ọmọ rẹ̀ bá wá, bu omi fún un.’ Mo ní, ‘Bàbá, n kò mọ ojú ọmọ rẹ̀, báwo ni n óò ṣe dá a mọ̀?’ Ó ní, ‘Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ẹnu ọ̀nà yìí, bù ú fún un. O kò mọ èwo ni tirẹ̀.’”

Ó mí kanlẹ̀. “Àwọn ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí àwọn máa bù ú, pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo ní rárá. Bọ́ọ̀sì yìí ń wá, ó ń lọ, mo ń bu omi. Èyí tó mu ún wà, èyí tó kọ̀ ọ́ wà. Ní gbogbo ìgbà ni mo máa ń wo ẹni tó bá mu ún dáadáa, mo máa ń wò ó pé ṣé ìwọ nìyẹn.”

Josiane sún mọ́ ọn. Ó gbé orí lé èjìká bàbá náà.

Arnaud ti sún mọ́ wọn, ó sì ti fi ìgò sílẹ̀. Gracia ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bó ṣe rí i tí Josiane ṣe é, ó ń fi Yorùbá tó ti dípẹtà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bu omi fún òun náà. Fádèyí wò ó, ojú rẹ̀ rọ̀. “A ó bù ú fún ọ, ọmọ mi. Má bínú, dúró ná. Ẹkún ló kàn.”

Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde. Ó ṣí fìlà kúrò lórí. Ó kọjú sí ọ̀nà tó lọ sí Pobè, ọ̀nà tí ọmọbìnrin aláṣọ funfun kan fi ẹsẹ̀ lásán gbà lọ nígbà náà lọ́hùn-ún, ó sì fi ohùn kan tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ṣì kù nínú rẹ̀ ké jáde: “Fáwùmí o! Ẹ̀gbọ́n mi o! Fáwùmí, ìwọ tó pọ̀n mí o!”

Arlette gbà á. Obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó ká ọwọ́ lérí, ó gbà á. Wọ́n jáde láti ilé kejì, wọ́n jáde láti ilé kẹta, àwọn arúgbó tó mọ̀ ọ́n lọ́mọdé, àwọn ọmọ tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, gbogbo wọn ń ké Fáwùmí. Àwọn àlejò ṣí fìlà, Sabine ń sunkún òkú tí kò mọ̀ rí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìyá náà ti wà nínú ilẹ̀ ní Àjàṣẹ́, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sunkún rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀. Josiane dúró láàárín wọn, ẹsẹ̀ lásán, aṣọ tútù láyà, ó ń ké orúkọ tí ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀. Láàárín ẹkún náà ló ti ń dúpẹ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àgbà tí kò fojú rí, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́.